Bàbá Ẹ-Kú-Ìdúró Tó Ń Ṣa Èébú Jọ

Ọjọ́ tá a sin bàbá tó bí ìyá mi, ní Ṣakí, lẹ́yìn tí wọ́n kírun sí i lára tán, àlùfáà yíjú sí èrò, ó ní ẹnikẹ́ni tí olóògbé bá ti ṣẹ̀, kó jọ̀ọ́, kó dárí jì í. Àwọn awakọ̀ tó wá láti gáréèjì bú sẹ́kún. Wọ́n ní ta ni Bàbá ṣẹ̀, Bàbá tí kò gbóhùn sókè sí ẹnì kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwa ará ilé mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. À ń wojú ara wa. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìborùn funfun lórí, mí kanlẹ̀, ó ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kí àlùfáà má kánjú ṣe àmín, nítorí ohun tóun fẹ́ dárí jì pọ̀ díẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé wọn kì í rẹ́rìn-ín níbi òkú, àwọn àǹtí mi sì ti bá mi wí sí i, ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Ènìyàn méjì là ń sin sínú sàréè kan lọ́jọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹmì tí lọ́rì rẹ̀ máa ń dúró sí. Ọ̀kan ń wa lọ́rì, ọ̀kan ń gbélé. Èyí tó ń wa lọ́rì, bí ẹ tutọ́ sí i lára, á ní ẹ kú iṣẹ́. Èyí tó ń gbélé, bí ẹ bá sún búta tó fi ń ṣàlùwàlá kúrò níbi tó gbé e sí, ẹ ti dá wàhálà sílẹ̀ fún gbogbo agboolé.

Àwa tá a bá a gbélé mọ ẹni kejì yẹn dáadáa. Ó bá rédíò jà. Ó bá àkùkọ ilé kejì jà, ó ní àkùkọ náà mọ̀ọ́mọ̀ ń kọ nígbà tóun bá fẹ́ sinmi. Ó bá àbúrò ìyá mi, Bọ̀dá Múrí, yan odì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí búta yìí kan náà, kó tó di pé wọ́n rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò tọrọ àforíjì. Ó ní ojú Bọ̀dá Múrí ló jọ ojú ẹni tó lè gbé búta. Bí iyọ̀ bá dín nínú ọbẹ̀, á pe Ìyá Àgbà, á bi í bóyá ìjọba ti fi òfin de iyọ̀ ní Ṣakí. Bó bá pọ̀, á ní ṣé òkun ni wọ́n pọn wálé. Nígbà tí àwọn èrò ọjà bá ń yìn ín lójú Ìyá Àgbà, pé ọkọ rẹ̀ níwà, pé ọkọ rẹ̀ ní sùúrù, Ìyá Àgbà á gbọ́ ọ tán, á rọra dáhùn pé, "Ọkọ tí mo fẹ́, ojú títì ló ń gbé. Èyí tó ń wálé yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

Òótọ́ sì ni, èyí tó ń gbé ojú títì yẹn, ẹ̀dá ọ̀tọ̀ ni. Iṣu ló ń kó. Á lọ kó o ní Kisi, á gbé e gba Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn, nígbà mìíràn á gba Adó-Àwáyè wọ Abẹ́òkúta. Lọ́rì rẹ̀ ti pẹ́. Pupa ni gbogbo iwájú rẹ̀, àyàfi ilẹ̀kùn kan tó jẹ́ aláwọ̀ ewé, nítorí ara lọ́rì mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́. Bó bá ti gòkè sídìí sítíárì, tó pa ilẹ̀kùn dé, ojú rẹ̀ á yí padà. Èjìká rẹ̀ á wálẹ̀, ohùn rẹ̀ á rọ̀. Mo ti rí i tó ń jágbe mọ́ ọmọ àǹtí mi láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ẹsẹ̀ lọ́rì, tó gòkè, tó pa ilẹ̀kùn, tó wá yọrí lójú fèrèsé, tó ní kí ọmọ náà jọ̀ọ́, kó bá òun gbé omi wá, Ọlọ́run á bù kún un.

Ìṣó kan wà lókè gíláàsì iwájú, ibẹ̀ ni fìlà rẹ̀ máa ń kọ́. Fìlà àrán ni, tó ti pá létí. Òfin tó fi ṣe iṣẹ́ náà ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn lójú títì láìdé fìlà. Bí ẹnì kan bá ya bá a lójijì, tó tún yọrí síta láti bú u, Bàbá ò ní wò ó. Á na ọwọ́, á mú fìlà. Á gbọn eruku rẹ̀ nù lórí orúnkún, lẹ́ẹ̀mejì. Á dé e, á wo dígí, á rí i pé kò gún régé, á ṣí i, á tún un dé. Ní gbogbo ìgbà yìí, ẹni tó ń bú u ń bú u lọ, títí á fi rí i pé òun nìkan lòun ń sọ̀rọ̀. Nígbà náà ni Bàbá á wá yọrí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ kú ìdúró o. Ẹ kú oòrùn yìí. Ìlú wo lẹ ti ń bọ̀?"

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ènìyàn lè kọ̀ láti fún ọ lọ́nà, ó lè bú ọ dé orí baba tó bí ọ, ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà kí i kó má dáhùn, ìyẹn nira fún ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílẹ̀ wa. Mo ti rí awakọ̀ tó ti la ẹnu sílẹ̀ láti ṣépè, tí ìkíni bá a níbẹ̀, tó wá di pé ó ń ṣàlàyé pé Ìgbòho lòun ti ń bọ̀, sà, ẹ kú ìrìn, sà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ-Kú-Ìdúró nìyẹn, láti Kisi títí dé Ìbàdàn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé níbo ló ti rí irú sùúrù yìí, àti pé kí ló dé tí kì í bu díẹ̀ wálé nínú rẹ̀. Ó ní, "Èmi ò ní sùúrù, Àmọ̀kẹ́. Fìlà ni mo ní."

Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá le, kì í sọ ọ́ nínú ilé mọ́. Á dúró di ìgbà tí Bàbá bá gòkè sínú lọ́rì, á gba ẹnu ọ̀nà kejì wọlé, á jókòó tì í. Inú lọ́rì ni wọ́n ti parí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú lọ́rì ni wọ́n ti sọ fún un pé Bọ̀dá Múrí ò lọ sílé ìwé mọ́. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ fẹ́ ìyá mi, tí àwọn àgbà mẹ́ta wá láti Tẹ̀dé láti tọrọ ìyàwó, Ìyá Àgbà pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ràn ọmọ wọn, kí wọ́n má wọ pálọ̀. Ó kó wọn lọ sídìí lọ́rì lábẹ́ igi ẹmì. Ìyá mi ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó ní wọ́n gòkè tàwọn ti agbádá, wọ́n há mọ́ra wọn lórí ìjókòó, wọn ò sì rí ibi dọ̀bálẹ̀ sí, ni èyí tó dàgbà jù bá dojú bolẹ̀ lórí ìjókòó náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta lẹ́nu ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Bàbá di sítíárì mú títí wọ́n fi sọ tẹnu wọn tán. Ó wá mú fìlà, ó gbọ̀n ọ́n, ó dé e, ó yíjú sí wọn, ó ní, "Ẹ kú ìdúró." Àwọn ará Tẹ̀dé ò mọ̀ bóyá ó ti gbà. Ìyá mi tó wà lójú fèrèsé ti ń jó.

Èmi náà, ojú títì ni mo ti wá mọ èyí tí wọ́n ń yìn. Ọdún tí mo jáde girama, mo bá a lọ sí Abẹ́òkúta. Ó ku díẹ̀ ká dé Adó-Àwáyè, tírélà kan ti bàjẹ́ sójú ọ̀nà níwájú, àyè tó ṣẹ́ kù ò ju ti mọ́tò kan lọ. Ọjọ́ ìsinmi ni, àwọn tó wá gun òkè lọ wo omi orí àpáta kún ojú ọ̀nà. Dípò kí wọ́n máa gbà fún ara wọn, gbogbo wọn ló rọ́ síwájú, tọ̀hún tìhín, títí imú mọ́tò fi kan imú mọ́tò. Kò sẹ́ni tó lè lọ, kò sẹ́ni tó lè bọ̀. Fèrè ń ké lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tó wà níwájú ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti ń fa ara wọn lẹ́wù.

Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó mu omi. Ó dé fìlà, ó sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé á lọ síbi tí wọ́n ti ń jà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń sáré lọ. Ó kẹ̀yìn sí wọn. Ó ń rìn padà sẹ́yìn, ó ń kọjá lára mọ́tò kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mọ́tò tó gbẹ̀yìn pátápátá. Obìnrin kan ló wà á, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Bàbá kí i, ó bi í níbi tó ti ń bọ̀, ó kí àwọn ọmọ, ó wá bẹ̀ ẹ́ kó bá òun fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀. Obìnrin náà fi ẹ̀yìn rìn. Bàbá kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn, ó kí i, ìyẹn náà sún sẹ́yìn. Bó ṣe ń kí wọn bọ̀ nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé ó wá kí wọn nílé. Nígbà tó kan lọ́rì wa, ó gòkè, ó sún un sẹ́yìn, ó tún sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jà, àyè ti ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, wọn ò sì mọ̀. Ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn léjìká, ó ní kó wẹ̀yìn wò.

Bó ṣe padà gòkè, òógùn ti mú fìlà rẹ̀ rin. Mo bi í kí ló dé tí kò kọ́kọ́ bá àwọn tó wà níwájú sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹni tó wà níwájú ń bínú, ṣùgbọ́n kò lè sún. Ẹni tó wà lẹ́yìn nìkan ló lè sún, kò sì sẹ́ni tó kí i."

Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé lọ́rì ni mo fẹ́ wà láyé mi. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé èmi, Bàbá inú ilé ni mo jọ. Ẹnu mi mú. Mo kọ́ mọ́tò, mo gba láísẹ́ǹsì, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wa ọkọ̀ búrẹ́dì kan ní Ìṣẹ́yìn kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, nítorí ohun tí mo sọ fún ọkùnrin kan ní oríta. Mi ò ní kọ ohun náà síbí. Ìyá mi lè ka ìwé yìí.

Nígbà tó yá, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní kó má wa ọkọ̀ mọ́. Lọ́rì dúró sábẹ́ igi ẹmì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń tú mọ́tò. Ìyá mi ló ń sọ ọ́ jù. Láràárọ̀ ni Bàbá ṣì máa ń gòkè lọ jókòó sídìí sítíárì, kò ní lọ síbì kankan. Mo ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa: mo gba ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ ewé wọlé, mo jókòó tì í, mo ní kó má jẹ́ kí wọ́n ta lọ́rì, kó fún mi. Ó dé fìlà kó tó dáhùn. Ó bi mí pé, bí wọ́n bá bú mi ńkọ́? Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní màá bú wọn padà.

Àdéhùn tó bá mi ṣe nìyí. Ọjọ́ mẹ́wàá. Bí oòrùn bá ti rọ̀, èmi á jókòó sídìí sítíárì, òun á dúró sílẹ̀, á máa bú mi. Bí mo bá fi ohunkóhun dáhùn yàtọ̀ sí ìkíni, tàbí tí mo bá sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, a ó tún kà á látìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá pé ọjọ́ mẹ́wàá, lọ́rì di tèmi. Bí mi ò bá lè ṣe é, kí wọ́n tà á.

Àṣé Bàbá ti ń ṣa èébú jọ. Gbogbo èyí tí wọ́n bú u rí tí kò fèsì, kò gbàgbé ẹyọ kan. Ó mọ ìlú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, ó mọ irú mọ́tò tí ẹni tó sọ ọ́ ń wà. Á ní, "Èyí, ti Òkèhò ni," á gbá ilẹ̀kùn lọ́rì, á wá bi mí pé ta ló gbé ìkòkò dé sórí sítíárì. Èyí, ó ní, obìnrin kan ló fún òun ní Mọ́níyà: iṣu tó wà lẹ́yìn rẹ mọ títì jù ẹ́ lọ, gbé sítíárì fún un. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn. Ó ti pa ẹnu mọ́ fún ogójì ọdún. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni.

Èyí tó fẹ́ràn jù, kò tètè mú un jáde. Ó ní ní oríta kan ní Ìṣẹ́yìn, ọkùnrin kan wá dúró ti òun, eyín rẹ̀ là níwájú, lọ́rì búlúù tó ń kó pákó ló ń wà. Ọkùnrin náà wo Bàbá láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé òkú lẹ gbé sẹ́yìn ni, tẹ́ ẹ fi ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ títì?" Bàbá sọ ọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara lọ́rì mú. Ó ní ọjọ́ náà ẹ̀rín pa òun, òun ò tètè rí fìlà dé, kóun sì tó dé e tán, ọ̀nà ti ṣí, ọkùnrin náà ti lọ. Ó fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Òun nìkan ni mi ò rí kí, Àmọ̀kẹ́. Bó o bá pàdé rẹ̀, bá mi kí i. Sọ fún un pé tirẹ̀ ló dáa jù."

Lọ́jọ́ kìíní, àwọn ará àdúgbò rò pé Bàbá ti fẹ́ pa mí. Baálé agboolé rán èèyàn pè wá, pé irú ọ̀rọ̀ wo ló wà láàárín bàbá àti ọmọ ọmọ rẹ̀ tí kò ṣeé parí nínú ilé. Nígbà tá a ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ńṣe ni wọ́n tò sídìí lọ́rì, oníkálukú ti mú tirẹ̀ wá. Lọ́jọ́ kẹta, Bọ̀dá Múrí ní ẹni tí kò lè wa búrẹ́dì fẹ́ wa iṣu. Mo dá a lóhùn. Mo dá a lóhùn dé ibi ọ̀rọ̀ ilé ìwé tó sá kúrò níbẹ̀. Bàbá na ìka kan sókè, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Nígbà tó kàn, ó ku díẹ̀ kó tún bàjẹ́, kì í sì í ṣe lọ́dọ̀ mi. Ìyá Sílífá, aládùúgbò wa, dé, ó ní òun náà ní tòun. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ní mi ò kí òun nídìí ẹ̀rọ omi. Kò pẹ́ tó fi yíjú sí Bàbá, ó ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, ẹni tó ń bá àkùkọ òun jà. Òun ló ni àkùkọ yẹn. Bàbá wà nílẹ̀, kò sí sítíárì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí fìlà lórí rẹ̀. Ó fèsì. Ìyá Sílífá fèsì padà. Àkùkọ fúnra rẹ̀ dá sí i láti orí ògiri. Gbogbo àdúgbò ti pé jọ kí n tó mọ ohun tí màá ṣe. Mo na ọwọ́, mo mú fìlà lórí ìṣó, mo gbọn eruku rẹ̀ nù, mo dé e sórí ìborùn mi, mo yọrí síta, mo ní, "Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ kú oòrùn yìí." Ìyá Sílífá ní, "Òo, ẹ ṣeun o," kó tó rántí pé òun ń jà. Bàbá wò mí lókè níbẹ̀. Ó ní ká sọ ọ́ di ọ̀la.

Lọ́jọ́ kẹwàá, oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Ìyá mi wá. Kò tíì wá rí látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀, ìta ọjà ló máa ń gbà wọlé kó má bàa rí wa. Àwọn èèyàn là sọ́tùn-ún sósì fún un, wọ́n rò pé tirẹ̀ á gbóná jù. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn lọ́rì. Kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Àmọ̀kẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà retí bàbá mi. Mi ò fẹ́ fi ìyókù ayé mi jókòó retí ọmọ mi."

Mo sọ̀kalẹ̀. Mi ò rántí fìlà, mi ò rántí lọ́rì. Mo dì mọ́ ìyá mi, àwa méjèèjì ń sunkún. Gbogbo wọn ké pé mo ti sọ̀kalẹ̀, pé oòrùn ò tíì wọ̀, pé ká tún un kà látìbẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Múrí ti ń ka ìka. Bàbá ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe èébú. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, sọ̀kalẹ̀ lọ bá a."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, kò sì fún mi. Ìyá mi ló fún. Ó ní ọjọ́ tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni kó gbé e fún mi, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó sọ ọ́ sínú kànga. Ìyá mi so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó ń gbé e lọ sọ́jà, ó ń gbé e bọ̀. Mi ò bi í. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń gbálẹ̀, ó tú u, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n rí i pé mò ń jẹun lọ́nà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti dé láti ìrìn àjò, Bàbá kì í bi mí bí ọ̀nà ṣe rí tàbí bóyá iṣu dé láìbàjẹ́. Á sún ìjókòó mọ́ mi, á ní, "Kí ni wọ́n bú ọ?" Màá sọ fún un, á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ti pẹ́, wọ́n ti fi bú òun rí. Èyí ò lórí, ò nídìí. Èyí dáa, ibo ni wọ́n ti fún ọ? Kódà nígbà tó wà lórí ibùsùn tí kò dìde mọ́, ó bi mí. Èmi ò kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí rẹ̀, mi ò rí èébú kankan gbà, mo bá hun ọ̀kan sọ. Ó di ojú, ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ti ojú títì. Ìwọ lo ṣe é." Ó fọwọ́ lé ọwọ́ mi. Ọjọ́ kejì ló lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, mo kó iṣu ní Kisi, mo ń lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀nà dí ní oríta kan ní Ìṣẹ́yìn. Mo rọra ń sún, nítorí ẹrù wúwo. Lọ́rì kan wá dúró tì mí. Búlúù ni, pákó ló kó. Ọkùnrin tó ń wà á ti hewú lágbọ̀n. Ó yọrí, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé òkú lo gbé sẹ́yìn ni, tó o fi ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ títì?" Eyín rẹ̀ là níwájú.

Mo na ọwọ́, mo mú fìlà. Mo gbọn eruku rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo bẹ Ọlọ́run kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má tú. Ó tú. Mọ́tò tó wà níwájú ọkùnrin náà sún, òun náà tẹ iná mọ́tò láti máa lọ. Mi ò gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, mi ò wo dígí. Mo dé e bó ṣe rí, mo já bọ́ sílẹ̀, mo dúró síwájú lọ́rì rẹ̀. Ó tẹ búréèkì débi tí pákó dún lẹ́yìn.

Mo ní, "Ẹ kú ìdúró o, sà. Bàbá mi ní kí n kí yín."

Ó ní bàbá wo. Mo ní bàbá tó ń kó iṣu, ẹ wo ilẹ̀kùn lọ́rì. Ó wo ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, ó ní ṣé Bàbá Ẹ-Kú-Ìdúró lò ń wí, ẹni tí gbogbo gáréèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Níbo lòun ti bá a pàdé? Mo sọ fún un, mo sọ ohun tó fi bú u. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà? Mo ní Bàbá ní tiyín ló dáa jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n bú òun rí. Ó gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó wá ní kí n mú òun lọ bá a kóun lọ dọ̀bálẹ̀, òun mọ Ṣakí. Mo ní a ti sin ín. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí fìlà tirẹ̀ kúrò lórí.

Àwa méjèèjì ti dí oríta pa báyìí. Fèrè ń ké, wọ́n ń bú wa lóríṣiríṣi, mo sì gbọ́ méjì níbẹ̀ tí Bàbá ì bá fẹ́ràn. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ká lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ó tẹ̀ lé mi. A jọ kí wọn lọ.

Ọjọ́ kẹta ni mo padà dé Ṣakí, lọ́sàn-án. Mo dúró sínú lọ́rì lábẹ́ igi ẹmì, mi ò fẹ́ sọ̀kalẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó máa bi mí mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá Àgbà jáde. Ó rọra rìn wá, ó gba ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ ewé gòkè, ó jókòó tì mí, ó mí díẹ̀. Ó ní, "Kí ni wọ́n bú ọ?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí eyín tó là dé ibi pákó tó dún. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn nu ojú, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí ibi sàréè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì, ó wò ó.

Ó ní, "Dé fìlà, kó o tún un sọ. Sọ ọ́ sókè díẹ̀, kó gbọ́ pé o ti bá òun kí i."